Ibi Tí Fọ́tíìnì Ń Sùn: Ọ̀rọ̀ Lórí Irinṣẹ́ Àwọn Mẹkáníìkì Ìlá-Ọ̀ràngún

Ẹni tí ó bá gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní Ìlá-Ọ̀ràngún ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀, tí wọ́n sì sọ fún un pé iṣẹ́ náà kò ní í ju wákàtí kan lọ, kí ó má ṣe jẹ́ kí ó yà á lẹ́nu bí aago méjìlá bá lù tí ọkọ̀ rẹ̀ ṣì wà lórí jáàkì. Bí ó bá jókòó sórí táyà tí wọ́n fi ṣe àga fún oníbàárà, tí ó sì fara balẹ̀ wo bí nǹkan ṣe ń lọ, yóò rí i pé kì í ṣe iṣẹ́ ni ó ń jẹ àkókò. Ọ̀gá ti mọ ohun tí ó ń ṣe ọkọ̀: bíréèkì iwájú ni. Ó nawọ́ láti ẹ̀gbẹ́ táyà, ó ní, “Mú fọ́tíìnì wá.” Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ wo inú àpótí, kò sí níbẹ̀. Ó wo abẹ́ Camry kan tí ó ti dúró síbẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sí níbẹ̀. Ó sáré lọ bá onírìwáyà ní ìkángun ọgbà. Onírìwáyà ní pánẹ́ẹ̀lì bítà ni ó gbà á lọ́wọ́ òun lánàá. Pánẹ́ẹ̀lì bítà ti lọ jẹun. Nígbà tí wọn yóò fi rí fọ́tíìnì, inú iyẹ̀pẹ̀ lẹ́bàá ògiri ni ó wà, níbi tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ jù ú sí ní ìrọ̀lẹ́ àná nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ.

Tẹ́ẹ̀nì, tuwẹ́ẹ̀fù, fọ́tíìnì, sẹ́fúntíìnì, náítíìnì. Èdè ọgbà mẹkáníìkì ni èyí, láti Ìlá dé Òkè-Ìlá, títí dé Òrà-Ìgbómìnà. Ọmọ tí kò kàwé kọjá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ̀ wọ́n bí ẹni mowó. Ó mọ̀ pé ọkọ̀ Toyota kì í fi tẹ́ẹ̀nì, tuwẹ́ẹ̀fù àti fọ́tíìnì ṣeré, ó sì mọ̀ pé bí Volkswagen bá wọlé, tọ́tíìnì ni yóò kọ́kọ́ béèrè. Ó mọ ìyàtọ̀ láàárín sípánà fúláàtì àti ríìngì. Ohun tí wọn kò kọ́ ọ ni ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń sùn.

Ìṣirò ohun tí èyí ń náni kò le. Bí wíwá irinṣẹ́ bá ń gba ìṣẹ́jú 5 lẹ́ẹ̀kan, tí ó sì ń ṣẹlẹ̀ nígbà 12 lóòjọ́, wákàtí 1 ti lọ nìyẹn. Ní ọjọ́ 6 tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀, ó di wákàtí 6. Ní ọ̀sẹ̀ 50, ó di wákàtí 300. Bí iṣẹ́ òòjọ́ bá jẹ́ wákàtí 8, ọjọ́ 37 àti ààbọ̀ ni ènìyàn fi ń tẹ orí ba kiri lábẹ́ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ lọ́dọọdún. Bí a bá fi ọdún mẹ́ta múra wèrè, ọjọ́ wo ni a óò bu igi jẹ? Ọ̀gá kò lè kọ ọjọ́ wọ̀nyẹn sínú owó iṣẹ́ tí yóò gbà lọ́wọ́ oníbàárà, nítorí náà, inú àpò tirẹ̀ ni ó ti ń san án. Awakọ̀ tí ń ná Ìlá sí Òṣogbo náà ń san tirẹ̀, nítorí onímọ́tò tí ó ń gba owó òòjọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní í béèrè bóyá mẹkáníìkì rí fọ́tíìnì tàbí kò rí i.

Bí ó bá jẹ́ àkókò nìkan ni, à bá fi ṣe ẹ̀rín. Àkísà tí wọ́n gbàgbé sórí páìpù èéfín lè gbiná lójú ọ̀nà. Sípánà tí ó kù sórí bátìrì, tí ó sì já lu orí méjèèjì, yóò tan iná láìtan ìṣáná. Ìdérí abẹ́ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń tú láti fa ọ́ìlì jáde, bí wọn kò bá rí sípánà tí ó bá a mu ní ẹ̀ẹ̀kejì, wọn a fi pílíàsì fún un, ọ́ìlì yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kán díẹ̀díẹ̀ títí ẹ́ńjìnnì yóò fi nọ́ọ̀kì. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni bóòtù tí ó ṣẹ́kù. Wọ́n tú mẹ́jọ, wọ́n dá méje padà, wọ́n sì ju ẹyọ kan yòókù sínú agolo, wọ́n ní kò ṣe nǹkan. Àwọn èrò tí ọkọ̀ ń gbé lọ sí Òtan-Ayégbajú tàbí Òmù-Àrán kò mọ iye nọ́ọ̀tì tí ó di táyà tí ó ń gbé wọn lọ mú.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá rò pé àìkàwé ni ó fa irú nǹkan báyìí, kí ó gbọ́ ohun tí àjọ tí ń ṣèwádìí ìjàǹbá ìrìnnà ní Ọsirélíà gbé jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2024. Wọ́n ṣe àyẹ̀wò ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú Airbus A380 kan tí ó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ Qantas ní Los Angeles ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá ọdún 2023. Irinṣẹ́ onírọ́bà líle kan tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 1.25, ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ọmọ ọdún mẹ́jọ, kù sínú ẹ́ńjìnnì náà. Ọkọ̀ náà fò nígbà 34, ó sì lo wákàtí tí ó súnmọ́ 294 lójú òfuurufú kí wọ́n tó rí irinṣẹ́ náà ní ọjọ́ kìíní ọdún 2024. Orí kó àwọn èrò yọ. Àwọn ẹlẹ́rọ tí ó ṣe iṣẹ́ náà ní ìwé-ẹ̀rí, wọ́n sì ní ìlànà tí ó sọ ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe bí irinṣẹ́ kan kò bá padà sí ipò rẹ̀. Wọn kò bẹ̀rẹ̀ ìlànà náà kí wọ́n tó yọ̀ǹda ọkọ̀. Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó lọ́dọ̀ wọn kò yàtọ̀ sí ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó lábẹ́ igi máńgòrò níbi tí wọ́n ti ń tún Corolla ṣe: wọn kò rí i pé iye tí ó jáde ni ó wọlé kí wọ́n tó pa ọkọ̀ dé.

Bí wọ́n bá sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ọ̀gá mẹkáníìkì, ìdáhùn kan ṣoṣo ni yóò jáde lẹ́nu rẹ̀: “Èmi mọ ibi tí gbogbo nǹkan mi wà.” Òótọ́ ni ó sì ń sọ. Ó mọ̀ pé òòlù wà lẹ́yìn ẹnu ọ̀nà, pé sókẹ́ẹ̀tì kékeré wà nínú agolo tí ó ti dípẹtà, pé sukudiráífà tí ẹnu rẹ̀ tẹ́ wà lábẹ́ ìjókòó ọkọ̀ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n orí ọ̀gá nìkan ni ìmọ̀ yẹn wà. Ní ọjọ́ tí ọ̀gá bá gbéra lọ sí Òṣogbo láti ra páàtì, ìsọ̀ náà ti kú títí yóò fi dé. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mẹ́ta yóò jókòó, wọn yóò máa tẹ fóònù, kì í ṣe pé wọ́n ya ọ̀lẹ. Kò sí ohun tí wọ́n lè nawọ́ mú. Bí àìsàn bá sì dá ọ̀gá dúró fún oṣù méjì, àwọn oníbàárà yóò wá ibòmíràn gbà. Irinṣẹ́ tí ó ní ipò, tí ẹni tí ó dé lánàá pàápàá lè wò kí ó sì mọ èyí tí kò sí níbẹ̀, ń yọ ìmọ̀ náà kúrò lórí ẹnìkan, ó sì ń gbé e sí ojútáyé kí gbogbo ènìyàn lè lò ó. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti kọjá ìmọ́tótó. Ọ̀rọ̀ bí iṣẹ́ yóò ṣe kọjá lọ́wọ́ ẹni tí ó dá a sílẹ̀ ni.

Ó yẹ kí èyí tètè yé ọmọ Ìgbómìnà ju ẹlòmíràn lọ, nítorí irinṣẹ́ ni ó fún wọn lórúkọ. Ìtàn tí àwọn àgbà ilẹ̀ náà ń sọ ni pé nígbà tí Ọ̀ràngún, ọmọ Odùduwà, ń ti Ilé-Ifẹ̀ bọ̀ láti lọ tẹ ìlú tirẹ̀ dó, ògbó kan, àdá tí ó gbà lọ́wọ́ baba rẹ̀, ni ó ń la igbó níwájú. Wọ́n ní ògbó náà mọ ọ̀nà. Láti inú gbólóhùn “ògbó mọ̀nà” ni wọ́n sì ti ní orúkọ Ìgbómìnà ti jáde. Ẹnikẹ́ni lè bá àwọn onítàn jiyàn lórí orísun orúkọ náà. Síbẹ̀, nínú gbogbo bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, kò sí ibi tí Ọ̀ràngún ti dúró lágbedeméjì igbó kí ó máa béèrè ta ni ó rí ògbó òun.

Ẹ̀rí mìíràn wà tí kì í ṣe ìtàn ìwáṣẹ̀. Ní ìdílé Fákẹ́yẹ ní Ìlá-Ọ̀ràngún, wọ́n ti ń gbẹ́gi lére láti ìran dé ìran. Làmídì Ọlọ́nàdé Fákẹ́yẹ, ẹni tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú wọn, tí ó papò dà ní 2009, kọ́kọ́ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ baba rẹ̀ kí ó tó lọ sọ́dọ̀ George Bándélé, ọmọ Àreògún, ní ibùdó ọnà tí àwọn àlùfáà ìjọ Àgùdà dá sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní 1947. Òun ni ó gbẹ́ ère Odùduwà tí ó wà ní Gbọ̀ngàn Odùduwà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Fadá Kevin Carroll, tí ó bójú tó ibùdó Ọ̀yẹ́ náà, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìpele mẹ́rin ni àwọn agbẹ́gilére Yorùbá ń tọ̀: ọnà lílé, àlétúnlé, dídán àti fínfín. Àáké ni a fi ń lé ọnà, kí orí, àyà àti ẹsẹ̀ ère tó hàn gbọọrọ. Irin tí ó kéré sí i ni a fi ń tún un lé, kí imú, etí àti ọwọ́ tó yọ. Ọ̀bẹ ni a fi ń dán an, ṣóńṣó ọ̀bẹ ni a sì fi ń fín in. Ẹni tí ó bá fi irinṣẹ́ fínfín ṣe ọnà lílé yóò ba igi jẹ́, yóò sì ba irin jẹ́ pẹ̀lú.

Ohun tí ó yẹ kí mẹkáníìkì rí nínú èyí ni pé agbẹ́gilére kò pín ètò irinṣẹ́ àti ètò iṣẹ́ sí ọ̀nà méjì. Bí iṣẹ́ ṣe ń tò tẹ̀lé ara wọn ni irin ṣe ń tò tẹ̀lé ara wọn. Ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ kò nílò kí ẹnikẹ́ni máa pariwo lé e lórí. Bí ó bá wo irin tí ó kàn, ó ti mọ iṣẹ́ tí ó kàn. Àwọn alágbẹ̀dẹ náà kò yàtọ̀. Owú, ẹmú àti ẹwìrì kì í jìnnà ju ibi tí ọwọ́ tó lọ, nítorí irin tí ó pọ́n nínú iná kò ní í dúró de ẹni tí ń wá ẹmú.

Báwo ni àwọn mẹkáníìkì, tí wọ́n ń pe ara wọn ní ọmọ Ògún, ṣe wá sọ ohun tí agbẹ̀dẹ mọ̀ nù? Ẹ̀bi náà kì í ṣe tiwọn nìkan. Agbẹ̀dẹ ní ilé tirẹ̀, ilé ìdílé, tí òrùlé wà lórí rẹ̀, tí kò sẹ́ni tí yóò lé e kúrò. Orí ilẹ̀ àyálò ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wà, lẹ́bàá títì, láìsí ògiri, láìsí kọ́kọ́rọ́, tí onílẹ̀ sì lè sọ lọ́la pé òun fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, ìbẹ̀rù olè ni yóò mú kí wọ́n ṣa gbogbo irinṣẹ́ jọ gìrọ́gìrọ́ sínú àpótí kan tàbí àpò kan, kí wọ́n sì gbé e lọ sílé. Ní òwúrọ̀, wọn yóò da á sílẹ̀ bí ẹni da iṣu sílẹ̀ lọ́jà. Inú àpótí yẹn ni rúdurùdu ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń bá wọn wí láìwo ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti olè kò tíì mọ ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀.

Wọ́n tún máa ń sọ pé owó kò sí. Èyí náà kì í ṣe irọ́ pátápátá. Òkè òkun ni ọ̀pọ̀ sípánà àti sókẹ́ẹ̀tì ti ń wá, láti ìgbà tí náírà sì ti já wálẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, iye tí wọ́n ń tà wọ́n ti kọjá ohun tí ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fírídọ̀mù lè rà lẹ́ẹ̀kan. Àpótí onídúróà alágbàá tí wọ́n ń lò ní Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà kò sí lọ́kàn ẹnikẹ́ni ní Ìlá. Ṣùgbọ́n àìní owó gan-an ni ó yẹ kí ó mú ènìyàn ṣọ́ èyí tí ó ní. Tẹ́ẹ̀nì tí ó sọnù ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún jẹ́ owó tí wọ́n rà ní ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ohun tí yóò yanjú ọ̀rọ̀ àpótí wà ní Ìlá, ọwọ́ télọ̀ ni ó wà. Kí wọ́n gba tapólì àlòkù tí ó ti ya, kí télọ̀ rán àpò tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ sí i lára ní ẹsẹẹsẹ, bí àpò ìkọ̀wé ọmọ ilé-ìwé, kí wọ́n sì fi ọ̀dà kọ 8, 10, 12, 13, 14 títí dé èyí tí ó tóbi jù sí ojú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní òwúrọ̀, wọn yóò tẹ́ ẹ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ àlòpatì kan tàbí kí wọ́n so ó kọ́ ara igi. Ní ìrọ̀lẹ́, wọn yóò ká a bí ẹní, wọn yóò fi okùn dì í, wọn yóò sì gbé e lọ sílé láìfòyà olè. Àpò tí kò sí ohun nínú rẹ̀ yóò máa la ẹnu sí gbogbo ènìyàn. Kò sí ẹni tí ó nílò kí wọ́n sọ fún un pé fọ́tíìnì kò tíì dé.

Yíyá irinṣẹ́ fún ara ẹni ni ó le jù láti tún ṣe, nítorí ìwà ọmọlúàbí ni ó fà á. Onírìwáyà, pánẹ́ẹ̀lì bítà, fókanáísà àti mẹkáníìkì inú ọgbà kan náà jọ ń jẹ, wọ́n jọ ń mu; ta ni yóò wo ojú ẹnìkejì rẹ̀ kí ó sọ pé òun kò yá a ní sípánà? Kí wọ́n máa yá ara wọn. Ṣùgbọ́n kí oníkálukú kùn idẹ tirẹ̀ ní ọ̀dà tí ó yàtọ̀, pupa fún ti ọ̀gá yìí, yẹ́lò fún ti ọ̀gá yẹn, kí ẹni tí ó bá yá nǹkan sì fi ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí a kọ orúkọ rẹ̀ sí sínú àpò tí ó ti mú un. Àwọn tí ń tún ọkọ̀ òfuurufú ṣe ń lo irú àmì bẹ́ẹ̀. Ìdérí ìgò kò náni ní kọ́bọ̀.

Ètò iṣẹ́ fúnra rẹ̀ tún wà níbẹ̀. Ìlá kì í ṣe Ládípọ̀ ní Èkó, níbi tí ènìyàn ti lè fi ẹsẹ̀ rìn lọ ra gákẹ́ẹ̀tì kí ó sì padà kí omi tó hó. Ọ̀pọ̀ páàtì tí kì í wọ́pọ̀, Òṣogbo tàbí Ìbàdàn ni wọn yóò ti rà á. Mẹkáníìkì tí ó tú ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kí ó tó kọ gbogbo ohun tí yóò nílò sílẹ̀ yóò lọ sí Òṣogbo lónìí nítorí gákẹ́ẹ̀tì, yóò tún lọ lọ́tùn-únla nítorí ọ́ìlì síìlì tí ó ti ń jò kí ó tó lọ nígbà àkọ́kọ́. Owó mọ́tò ìrìnàjò kejì yẹn yóò di ìjà láàárín òun àti ọlọ́kọ̀. Nígbà náà ni ẹ́ńjìnnì yóò wà ní ṣíṣí sí eruku ọyẹ́, tí àwọn bóòtù rẹ̀ yóò sì wà nínú agolo kan náà pẹ̀lú bóòtù ọkọ̀ méjì mìíràn. Ọlọ́gbọ́n a máa ya fọ́tò kí ó tó tú nǹkan. Fóònù tí ń bẹ lọ́wọ́ ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kì í ṣe fún TikTok nìkan. A sì máa gún ihò sára páálí ní àwòrán bí bóòtù ṣe tò lórí ẹ́ńjìnnì, kí ó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ihò tirẹ̀, nítorí bóòtù tí ó gùn àti èyí tí ó kúrú kì í ṣe ẹgbẹ́. Ẹni tí ó fi agbára ti bóòtù gígùn sínú ihò kúkúrú yóò fọ́ irin tí kò ní àtúnṣe.

Ó jẹ́ ohun ìyàlẹ́nu díẹ̀ pé ọkọ̀ tí ó pọ̀ jù nínú ọgbà wọ̀nyí wá láti ilé-iṣẹ́ tí ó sọ ètò irinṣẹ́ di ohun tí gbogbo ayé ń kọ́. Toyota, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1937, ti inú iṣẹ́ aṣọ híhun jáde. Sakichi Toyoda, ọmọ káfíńtà, gba ìwé-àṣẹ òfì onígi ní 1891, lẹ́yìn náà ni ó sì ṣe òfì tí ń dá ara rẹ̀ dúró bí òwú kan bá já. Láti inú irú èrò bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ọkọ̀ wọn ti dàgbà. Ní Japan, ọ̀rọ̀ márùn-ún ni wọ́n fi ń kọ́ òṣìṣẹ́ ní ètò: kí ó ṣa èyí tí kò wúlò kúrò, kí ó to èyí tí ó kù, kí ó nu ún, kí ó sọ ọ́ di ìlànà, kí ìlànà náà sì di bárakú. Ọ̀gá kan ní Ìlá tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ Japan rí lè ṣe mẹ́ta àkọ́kọ́ lọ́sàn-án kan. Méjì ìkẹyìn ni ó ṣòro, nítorí ó ń béèrè pé kí ọ̀gá fúnra rẹ̀ máa dá sípánà padà sí ipò rẹ̀. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kò ní í ṣe ohun tí ọ̀gá kò ṣe.

Ọjọ́ kan wà lọ́dún tí ètò yìí máa ń ṣẹlẹ̀ láìsí ìwàásù. Ní ọjọ́ tí àwọn tí ó ṣì ń bọ Ògún nínú wọn bá fẹ́ bọ ọ́, wọn a kó gbogbo irinṣẹ́ jọ, wọn a fi bẹntiróòlù fọ̀ wọ́n, wọn a sì tò wọ́n sílẹ̀ kí ajá tó dé. Àwọn tí ó jẹ́ Mùsùlùmí tàbí Kristẹni a máa ṣe àdúrà ọdún tiwọn, ṣùgbọ́n àwọn náà ń gbá ọgbà mọ́ lọ́jọ́ náà. Ní ọjọ́ yẹn ni sókẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ti wá láti oṣù mẹ́ta yóò jáde lábẹ́ iyẹ̀pẹ̀. Ògún ń gba lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ohun tí oníbàárà kì í rí gbà títí ọdún fi ń yípo.

Àwọn olóṣèlú mọ ojú iṣẹ́ yìí dáadáa. Bí ìbò bá ń súnmọ́, ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n fi ń ro àwọn ọ̀dọ́ lágbára ni àpótí irinṣẹ́. Wọn yóò tò wọ́n sórí tábìlì, wọn yóò ya fọ́tò, ọ̀dọ́ yóò gbé àpótí lọ sílé, bí ebi bá sì dé, àpótí náà á di títà. Bí ẹnikẹ́ni ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlá tàbí Ìfẹ́dáyọ̀ bá fẹ́ ṣe ohun tí yóò pẹ́, ilẹ̀ ni kí ó fún wọn, ilẹ̀ tí ó ní ìwé, tí ó ní ògiri àti ilẹ̀kùn tí wọ́n lè tì. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé òun yóò wà níbì kan fún ọdún mẹ́wàá ni yóò kan ìṣó mọ́ ògiri.

Ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì náà ní ipa tirẹ̀. Fún ọmọ tí ó bá fẹ́ gba fírídọ̀mù, wọn a máa béèrè ọtí, oúnjẹ àti owó aṣọ ẹgbẹ́. Kí wọ́n fi ohun kan kún un: kí wọ́n da irinṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, kí ó tò wọ́n, kí ó kà wọ́n, kí ó sì sọ èyí tí kò sí níbẹ̀. Tíréèdì tẹ́ẹ̀sì tí ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ń ṣe lè béèrè irú rẹ̀. Àwọn òbí ń sọ pé ọmọ kò fẹ́ kọ́ṣẹ́ mọ́, pé ọ̀kadà ni wọ́n ń sáré sí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó fi ọdún méjì àkọ́kọ́ wá sípánà kiri, tí wọ́n sì fi ìfọ́tí kọ́ ọ ní ibi tí ó wà, kò tíì rí iṣẹ́ náà kí ó tó sá. Nínú ọgbà tí nǹkan ti wà ní ipò rẹ̀, ọmọ oṣù mẹ́ta lè tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rin, kí ó nù wọ́n, kí ó dá wọn padà láìbéèrè ohunkóhun. Ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò sùn lálẹ́ ọjọ́ náà pẹ̀lú ìdùnnú pé òun ṣe nǹkan.

Ẹni tí ó bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀ kò nílò láti dúró de ìjọba tàbí ẹgbẹ́. Kí ó bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Iṣẹ́ ti parí, ọlọ́kọ̀ ti san owó, ó ti gba kọ́kọ́rọ́, ó sì ń kánjú nítorí ilẹ̀ ń ṣú. Kí ọ̀gá ní kí ó dúró díẹ̀. Kí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tẹ́ tapólì sílẹ̀ kí ó sì máa kà: ẹ́ẹ̀tì wà, tuwẹ́ẹ̀fù wà, tọ́tíìnì wà, fọ́tíìnì wà. Àpò tẹ́ẹ̀nì ṣófo. Ọlọ́kọ̀ yóò kùn, ọ̀gá yóò bẹ̀ ẹ́, wọn yóò sì tún ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tẹ́ẹ̀nì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì, ó dùbúlẹ̀ sórí irin tí ó gbá bátìrì mú, ó ku ìwọ̀n ìka kan kí ó kan orí rẹ̀.